Láńlọ́ọ̀dù ń kanlẹ̀kùn, èmi ń gbàdúrà: ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Oṣù kẹsàn-án rèé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Owó ilé oṣù márùn-ún ni mo jẹ báyìí. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti mú lára owó tó kù lọ́wọ́ mi gbin irúgbìn nítorí wọ́n ní ó máa ṣílẹ̀kùn. Mi ò tíì rí nǹkan kan. Tí láńlọ́ọ̀dù wa bá ti kanlẹ̀kùn lálẹ́, ńṣe ni mo máa ń pa iná, èmi àtàwọn ọmọ á dákẹ́ títí wọ́n á fi lọ. Ìyàwó mi mọ̀ pé a jẹ owó, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó ti tó oṣù márùn-ún. Arákùnrin kan ní ìjọ wa ní ká ní ìgbàgbọ́ mi tó ni, iṣẹ́ ì bá ti dé. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló tún kù tí mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Arákùnrin mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ohun tó dá mi dúró nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn. Iná tí ẹ ń pa yẹn ni. Mo mọ òkùnkùn yẹn dáadáa, mo ti jókòó sínú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ arákùnrin ìjọ yín, torí kò gba àkókò. Kì í ṣe òótọ́. Nínú Mátíù orí 20, Jésù sọ ìtàn baálé ilé kan tó ń gba òṣìṣẹ́ sínú ọgbà àjàrà. Ní wákàtí kọkànlá, tí oòrùn ti fẹ́ wọ̀, ó bá àwọn kan tó dúró láti àárọ̀. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi dúró lásán. Wọ́n ní, "Nítorí kò sí ẹni tó gbà wá síṣẹ́." Baálé ilé náà kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Kò béèrè ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi gba ààwẹ̀. Ó ní kí àwọn náà máa lọ sínú ọgbà, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, owó ọjọ́ kan gbáko ló san fún wọn. Ẹni tí wọn kò gbà síṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Àwọn tó máa ń fi Tẹsalóníkà Kejì orí 3 na àwọn tí kò níṣẹ́ lẹ́gba máa ń fo ọ̀rọ̀ kékeré kan níbẹ̀: Pọ́ọ̀lù ní bí ẹnikẹ́ni kò bá *fẹ́* ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin fẹ́. Ó parí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná.

Ìgbà kan wà tí mo fi oṣù mẹ́rìnlá jókòó sílé láìníṣẹ́. Mo ti di díákónì nígbà yẹn, mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, orí ìgbàgbọ́ gan-an ni ẹ̀kọ́ wa sì dá lé ní sáà náà. Onílé wa ń gbé ìsàlẹ̀, àwa wà lókè. Mo ti mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá náà lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn máa ń wọ́ díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, màá gbé bàtà mi dání, màá yọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n má baà gbúròó mi. Ibi tí mo sì ń lọ ni àdúrà òwúrọ̀! Èmi tí mò ń lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mò ń yọ́ rìn bí olè nítorí ẹ̀dá bíi tèmi. Àwọn àgbà ní sán-án là á rìn, ajé ní ń mú ni pẹ́ kọ́rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo yọ́ dé ìsàlẹ̀, mo bá bàbá tí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn nínú òkùnkùn, wọ́n da aṣọ bora. Wọ́n wo bàtà tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Wọ bàtà rẹ, ilẹ̀ tutù." Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ tán ni wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Owó tí o jẹ mí dùn mí. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta rèé tí o ò kí mi mọ́."

Mi ò lọ síbi àdúrà lọ́jọ́ náà. A jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ìgbà tí iṣẹ́ lọ, iye tó kù lọ́wọ́ mi, ibi tí mo ti wáṣẹ́ dé. A ṣe àdéhùn. Iṣẹ́ kò dé lọ́jọ́ kejì o. Oṣù mẹ́rin sí i ló gbà, mo sì lo oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn kí n tó san gbèsè náà tán. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan nínú rẹ̀ tí mo lè gbé lọ sórí pèpéle lọ fi jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, inú yàrá ni mo ti ń wọ bàtà mi.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé ohun tí wọ́n kọ́ èmi àti ẹ̀yin nípa ìgbàgbọ́ kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ ni ohun tí èèyàn ń ṣe nínú yàrá títí láńlọ́ọ̀dù á fi lọ. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ ni ohun tó ń fún èèyàn láyà láti lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ mú Bíbélì, ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4, ẹsẹ méje àkọ́kọ́. A máa ń wàásù rẹ̀ bí ìtàn òróró. Ìtàn gbèsè ni. Opó ọ̀kan lára àwọn ọmọ wòlíì ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Olúwa títí ó fi kú, ó sì kú sínú gbèsè. (Ẹ fi ìyẹn dá ẹni tó bá ní ajẹgbèsè kò mọ Ọlọ́run lóhùn.) Olówó ti ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Kí ni obìnrin yìí kọ́kọ́ ṣe? Ó ké. Ó lọ bá Èlíṣà, ó ní ọkọ mi ti kú, gbèsè wà nílẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ mi. Kò sọ pé "mo ti borí" nígbà tí kò tíì borí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Èlíṣà náà kò sáré gbọ́wọ́ lé e lórí. Ó bi í pé: "Kí ni o ní nínú ilé?" Obìnrin náà ní òun kò ní nǹkan kan, àfi ìkòkò òróró kan. Ẹ wo bí ó ṣe sọ ọ́: kò sí nǹkan kan, àfi. Gbogbo wa tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa rí la máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a máa ń ka "àfi" yẹn sí òfo. Lẹ́yìn náà ni wòlíì ní kó lọ yá ohun èlò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀, kó má sì yá díẹ̀. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, tí gbogbo àdúgbò ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, ni wọ́n ní kó lọ máa kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Ìgbà tó ti kan gbogbo ilẹ̀kùn yẹn tán ló tó wọlé lọ ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ó tilẹ̀kùn láti ṣiṣẹ́ ni, kò tì í nítorí olówó. Nígbà tí ohun èlò tán, òróró dáwọ́ dúró. Àṣẹ tó sì tẹ̀ lé e kò ní ẹwà kankan, bíi ti akọ̀wé owó ló rí: lọ ta òróró náà, san gbèsè rẹ, kí ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ máa jẹ ìyókù. Gbèsè ló ṣíwájú.

Nítorí náà, ìwé ni ẹ máa kọ sí onílé yín lálẹ́ òní. Kó tó dìgbà yẹn, ìyàwó yín gbọ́dọ̀ mọ iye náà. Lónìí. Ẹ má fi ọgbọ́n sọ ọ́. Ẹ gbé bébà sílẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú rẹ̀. Ó lè bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, pàápàá torí pé ẹ fi í pa mọ́. Ìbínú ìrọ̀lẹ́ kan sàn ju kó lọ gbọ́ iye náà lẹ́nu láńlọ́ọ̀dù lọ́nà ọjà. Àwọn ọmọ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú òkùnkùn yẹn o, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ là á yé wọn.

Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ kọ nǹkan bí èyí sórí bébà, kì í ṣe orí fóònù:

"Ẹ̀yin onílé wa, ẹ kú ìfaradà. Owó ilé oṣù márùn-ún ni mo jẹ yín, láti oṣù báyìí títí di oṣù báyìí. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti oṣù báyìí, mi ò sì tíì rí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí pé mo ń sá fún yín. Iye tí mo mú wá lónìí nìyí. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, màá mú iye báyìí wá, bẹ́ẹ̀ náà ni lóṣooṣù, bí kò tilẹ̀ tó. Lọ́jọ́ tí mo bá ríṣẹ́, a ó tún jókòó sọ ọ́."

Iye tí ẹ bá kọ síbẹ̀, kó jẹ́ èyí tí ẹ lè san lọ́jọ́ tí nǹkan le jù. Tí ọkàn yín bá sọ pé ẹ lè san 10, ẹ kọ 6. Ẹni tó ṣèlérí 6 tó san 6 lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ti ń di ẹni tó ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tó ṣèlérí 10 tó san 7 ti purọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó san ló pọ̀ jù. Jésù ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san, kí ẹ̀dà ìwé náà sì wà lọ́wọ́ yín.

Kì í ṣe gbogbo láńlọ́ọ̀dù ló máa sọ pé kí ẹ wọ bàtà yín o. Òmíràn á pariwo. Òmíràn á ní òun fẹ́ ilé òun. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: àwọn náà lè máa jẹ gbèsè níbòmíràn, kó jẹ́ owó ilé yín ni wọ́n fi ọkàn sí. Tí wọ́n bá ní àfi kí ẹ kó jáde, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ kan pàtó, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè dín gbèsè náà kù tí ẹ bá kó jáde ní wẹ́rẹ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, onílé kò láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé tàbí kó da ẹrù rẹ̀ síta láìgba ilé ẹjọ́ kọjá. Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà lọ́wọ́ lọ́yà tàbí àwọn tó ń gba aláìní nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkó lọ sí ilé tó kéré kì í ṣe pé ẹ sẹ́ ìgbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ tí kò lè gbé inú yàrá kan, ibo ló fẹ́ gbé?

Ọ̀rọ̀ irúgbìn wá kàn. Mo mọ̀ pé ìdáhùn mi yóò bí àwọn kan nínú. Ẹni tó jẹ owó ilé kò ní owó tó fẹ́ gbìn. Owó onílé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń gba ọrẹ, ó kọ ọ́ sínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8 pé ohun tí èèyàn ní ni Ọlọ́run fi ń gba ọrẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní. Wọ́n á ní opó inú Máàkù orí 12 fi gbogbo ohun tó ní sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 40, èyí tó ṣáájú ìtàn náà. Ibẹ̀ ni Jésù ti ń bá àwọn akọ̀wé wí pé wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n sì ń fi àdúrà gígùn bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn gan-an ni opó náà wọlé pẹ̀lú owó rẹ̀ kékeré méjì. Mi ò rò pé ìtàn náà kàn dé síbẹ̀ lásán. Tí ẹ bá fẹ́ fún Ọlọ́run ní nǹkan lásìkò yìí, àkókò yín pọ̀: ẹ lọ tún àga ìjọ ṣe, ẹ lọ kọ́ ọmọ ẹnìkan níṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ má sì yá owó èlé orí fóònù láti fi san owó ilé. Mo ti rí ìdílé tí èyí tú ká. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: tí ẹ bá yá 100, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá lóṣù, tí ẹ kò sì rí i san, tí èlé ń gorí èlé, lẹ́yìn oṣù 12 ó ti lé ní 313. Onílé tó ń bínú ṣì jẹ́ èèyàn kan tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Bákan náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fún yín níṣẹ́, ẹ sá fún un.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti sọ fún ìjọ pé kí wọ́n gbàdúrà fún yín. Ṣé ẹ ti sọ iye rẹ̀ fún wọn? Ọdún 19 ni mo fi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó aláìní ní ìjọ wa. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọ̀la ni wọ́n máa lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde, òní ni wọ́n ń wá bá wa. Oṣù kan ṣoṣo la lè rí nǹkan ṣe sí, kì í ṣe mẹ́jọ. Ẹ wá nígbà tí ó ṣì kéré. Ẹ mú ìwé gbèsè náà dání, kí ẹ má sì bínú tí wọ́n bá ní ọwọ́ onílé làwọn máa san án sí, bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Wòlíì Èlíjà náà kọ́ bí èèyàn ṣe ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ tipátipá. Odò tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ rán an sí ló gbẹ, nítorí òjò kò rọ̀. Ibi tó wá rán an lọ lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ̀ opó kan ní ilẹ̀ àjèjì, kó lọ máa tọrọ omi àti oúnjẹ lẹ́nu ibodè ìlú. Wòlíì o! Jákọ́bù kò sì fi bò lójú ìjọ: ẹ má sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà kó yó, kí ẹ má sì fún un ní nǹkan kan.

Nípa àdúrà, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ yí padà. Nígbà tí lẹ́tà ìhàlẹ̀ ọba Ásíríà tẹ Hesekáyà ọba Júdà lọ́wọ́, ó mú un lọ sínú ilé Olúwa, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Olúwa. Ìwé náà gan-an ló tẹ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé onílé yín. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ẹ ka iye rẹ̀ sí Ọlọ́run létí, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n dá. Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ Sáàmù 13, Ọlọ́run kò sì lé e jáde. Hesekáyà kan náà yìí ló dí àwọn orísun omi tó wà lẹ́yìn odi, tó tún odi tó wó mọ, tó sì fa omi gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú ìlú. Ihò omi náà ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù títí dòní, gígùn rẹ̀ jẹ́ 533 mítà. Àkọlé tí wọ́n rí lára ògiri rẹ̀ ní 1880 sọ pé ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ méjì ló gbẹ́ ẹ, ọ̀kan láti ìhà yìí, ọ̀kan láti ìhà kejì, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn nínú àpáta kí wọ́n tó pàdé. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀.

Ẹ kò bi mí léyìí, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án ti pẹ́. Ṣé ẹ ń sùn? Èlíjà tó rí iná bọ́ láti ọ̀run lórí òkè Kámẹ́lì ló tún jókòó sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó dé kò bá a wí. Ó fi oúnjẹ àti omi sílẹ̀ fún un, ó jẹ́ kó padà sùn, ó sì tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Tí irú èrò Èlíjà yẹn bá ti ń wá sọ́kàn yín, àní lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ fún ìyàwó yín, kí ẹ lọ rí dókítà. Kí ààwẹ̀ náà sì sinmi ná. Ara yín ti gba tó.

Ìlérí tí mo lè ṣe fún yín kò pọ̀. Mi ò lè sọ pé iṣẹ́ á dé lóṣù yìí. Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ pé òun lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi tó ń fún òun lágbára, inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sì sọ ohun tí "ohun gbogbo" náà jẹ́: láti yó àti láti wà nínú ebi, láti ní àti láti ṣaláìní. Ó ní òun *kọ́* ọ ni. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló ń pàgọ́ ní Kọ́ríńtì láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Tí iṣẹ́ kékeré kan bá yọjú tí kò jọ èyí tí ẹ kọ́, ẹ bá wọn ṣe é ná, kí ẹ máa wá tiyín lọ.

Ẹ kọ ìwé náà lálẹ́ òní. Tí láńlọ́ọ̀dù bá sì kanlẹ̀kùn kí ẹ tó kọ ọ́ tán, ẹ fi iná sílẹ̀ ní títàn, ẹ dìde, ẹ lọ kí wọn.